Eré Àwọn Dókítà Agbẹ̀bí: Ta Ni Ó Dùn Jù?

Ní oṣù kejì ọdún 2022, mo wà ní ìlú Ọba lọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti lọ bá ọmọ yín tọ́jú ìkókó rí mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí. Ẹ ó wẹ ọmọ, ẹ ó fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ, ẹ ó se ọbẹ̀ tó ta dáadáa. Nígbà tó bá sì di alẹ́, tí òtútù kò jẹ́ kí ẹ lè yọjú síta, ẹ ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò ọkọ ọmọ mi wá kí wa. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba lọ́hùn-ún. Ọmọ mi kì í pe orúkọ rẹ̀. Bí ìyàwó ilé ṣe máa ń ṣe, ó fún un ní orúkọ tirẹ̀, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì." Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní eré tuntun kan wà tí gbogbo àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní kí a jọ wò ó.

Orúkọ eré náà ni This Is Going to Hurt. Ọ̀rọ̀ tí dókítà máa ń sọ kó tó gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ ni: "Èyí máa dùn ọ́ o." A kò tíì wò ó tó wákàtí kan tí ọmọ mi fi dìde. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ọmọ nínú yàrá. Ọmọ sì rèé, orí ẹsẹ̀ mi ló ti ń sùn. N kò sọ nǹkan kan. Kò sì padà wá sí pálọ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ kejì, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń sunkún, kò tilẹ̀ nu omijé náà nù. Ó ní, "Mọ́mì, bó ṣe rí nìyẹn. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò bá wa sọ ọ́ rí."

Eré kan náà ni, pálọ̀ kan náà ni. Ọ̀kan kò lè wò ó nítorí ó rí ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Èkejì kò lè gbójú kúrò nítorí ó rí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà, òun ni mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin olùfẹ́ sọ lónìí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò wò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Ilé iṣẹ́ BBC ló gbé e jáde, apá méje ni. Adam Kay ló kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣe dókítà rí ní NHS, ètò ìlera ìjọba tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń yangàn. Láàrin ọdún 2004 sí 2010 ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí sílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti yàrá ìrọbí. Ní 2010 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kan tí ọmọ ti kú, tí ìyá ọmọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ó sọ àkọsílẹ̀ náà di ìwé ní 2017, ìwé náà tà bí ẹni ń ta búrẹ́dì, nígbà tó sì yá ó di eré. Ben Whishaw ló ṣe dókítà náà nínú eré, orúkọ tó sì ń jẹ́ níbẹ̀ ni Adam, bíi ti ẹni tó kọ ọ́.

Adam inú eré yìí kò rí oorun sùn. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ló ti jí níbi tí eré ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́ débi tí kò fi lè wakọ̀ délé. Ó máa ń kọjú sí àwa òǹwòran bá wa sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ mú, ó ń fi àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní apá kìn-ín-ní gan-an, aláboyún kan wá bá a, ó ní ara òun kò yá. Adam ti rí i tẹ́lẹ̀ bí oníwàhálà, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, ó ní kó máa lọ sílé. Nǹkan ń ṣe é. Ó di iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì, wọ́n gbé ọmọ náà jáde nígbà tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé rárá. Gbogbo ìyókù eré náà, àṣìṣe yẹn ń tẹ̀lé e kiri bí òjìji.

Ibi tí ọmọ mi ti dìde nìyẹn, níbi tí dókítà ti ní kò sí ohun tó ṣe obìnrin náà.

Nígbà tí eré náà jáde, àwọn ará ìlú Ọba pín sí méjì lórí rẹ̀ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wí pé àfi bí ẹni pé wọ́n gbé kámẹ́rà pamọ́ sí wọ́ọ̀dù àwọn. Òmíràn nínú wọn ní òun kò lè wò ju apá kan lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, nítorí bí òun bá wò ó tán, ọkàn òun kì í balẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Àwọn tó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe àwọn nìkan. Ní ọwọ́ kejì, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pé kí aláboyún má ṣe wò ó. Àwọn kan sọ pé ẹni tó kọ eré yìí kò fẹ́ràn obìnrin, pé itan àti ẹ̀jẹ̀ lásán ni wọ́n jẹ́ lójú rẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé ọjọ́ tó burú jù nínú ayé àwọn ni ẹlòmíràn fi ń dá ènìyàn lẹ́rìn-ín yìí. Ni àwọn ti ìhà kìn-ín-ní bá dá wọn lóhùn pé wọn kò mọ ẹ̀fẹ̀, pé wọn kò mọ iyì àwọn tó gbẹ̀bí wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ di ta ni ó dùn jù.

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì kí a tó sọ tiwa.

Ti àwọn oníṣègùn ni n ó kọ́kọ́ sọ. Ẹ rántí ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní aago mẹ́jọ, àwọn ará ìlú Ọba ń jáde sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn kan ń lu ìkòkò. Ó dára. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ kì í fún ènìyàn ní oorun. Ènìyàn tí a bá ti sọ di akọni kò tún lè sọ pé ó rẹ òun mọ́. Nínú eré náà, dókítà kékeré kan wà tó ń jẹ́ Shruti, ọmọ ìran Íńdíà ni, Ambika Mod ló ṣe é. Ọmọ náà gbọ́n, ó ń kàwé, ó ń tiraka, ó yege nínú ìdánwò rẹ̀. Ó ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo wa, kò sí ẹni tó bi í léèrè débi tí yóò fi sọ òótọ́. Nígbà tí apá kẹfà ń parí lọ, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Mo bi Àǹtí Nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n sọ ọ́ di ńlá jù. Ó mi orí rẹ̀. Ó ní òun mọ ẹnìkan.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti pinnu láti ìgbà tí ọmọ yín ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi pé dókítà ni yóò dà, ọ̀rọ̀ Shruti yìí kàn yín, ó kan èmi náà. Nígbà tí ọmọ bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde, a ń ra aṣọ ẹbí, a ń pe ẹgbẹ́ akọrin. Mélòó nínú wa ló ti jókòó ti ọmọ náà lẹ́yìn ọdún méjì, tó bi í pé, "Èwo lo ti rí níbẹ̀ tí o kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni?" Owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé la máa ń bi í.

Ní ti ẹ̀fẹ̀ tí Adam ń ṣe, èmi kò lè dá a lẹ́bi tán. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín in. Ẹni tó bá ti bá àwọn tó ń gbẹ́ sàréè jókòó rí yóò mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Kì í ṣe ìkà ló mú wọn ṣe é. Bí wọn kò bá rẹ́rìn-ín, wọn kò ní lè padà síbẹ̀ lọ́la. Nítorí náà, nígbà tí àwọn dókítà bá sọ pé ẹ̀rín yẹn ni ó gba àwọn là, mo gbà wọ́n gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Ojú dókítà ló dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ló ń bá wa sọ̀rọ̀, òun la mọ ìyá rẹ̀, òun la mọ ilé rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń rọbí kàn ń kọjá lọ ni. Ọ̀kan wọlé, ó ké, ó bí, bẹ́ẹ̀dì ṣófo, òmíràn gùn ún. Mo lérò pé kì í ṣe pé Adam Kay kórìíra obìnrin. Ohun tí ojú dókítà tó ń ṣiṣẹ́ òru máa ń rí ló kọ. Lójú rẹ̀, ìyá yìí ni ẹnì kẹjọ ní alẹ́ yẹn. Lójú ìyá náà ńkọ́? Alẹ́ kan ṣoṣo ni. Bí ó bá di ẹni ọgọ́rin ọdún, yóò ṣì máa rántí ohùn ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, àti àwọ̀ aṣọ ìkélé yàrá náà. Àwa Yorùbá mọ èyí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ ènìyàn, tí ọ̀daràn pàápàá yóò fi rọ̀. A kì í fi ìkúnlẹ̀ ṣeré. Nítorí náà, nígbà tí ìyá kan bá sọ pé ẹ̀rín yẹn gún òun lọ́kàn, ẹ má sọ fún un pé kò mọ ẹ̀fẹ̀.

Ó sì ní ìdí mìíràn tí àwọn ìyá ìlú Ọba kò fi lè rẹ́rìn-ín ní ọdún yẹn. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta ọdún 2022, tí eré náà kò tíì pé oṣù méjì tó jáde, Donna Ockenden, tí òun náà jẹ́ agbẹ̀bí, gbé ìwádìí ńlá kan jáde lórí àwọn ilé ìwòsàn Shrewsbury àti Telford. Ó yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé tó jẹ́ 1,486 wò, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti ọdún 2000 sí 2019. Ohun tó rí ni pé ọmọ 201 àti ìyá 9 ìbá ṣeé ṣe kí wọ́n wà láàyè bí wọ́n bá tọ́jú wọn bó ṣe yẹ. Léraléra nínú ìwé náà ni àwọn ìyá ń sọ pé àwọn sọ ọ́, àwọn ní nǹkan kò lọ bó ṣe yẹ, wọn kò gbọ́ tàwọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì bàjẹ́ tán, wọ́n tún di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn kan nínú wọn.

Fún àwọn obìnrin tiwa tó wà níbẹ̀, ó tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2021 lórí ikú àwọn ìyá fi hàn pé ewu kí aláwọ̀ dúdú kú nínú oyún tàbí lẹ́yìn ìbímọ ju ìlọ́po mẹ́rin ti aláwọ̀ funfun lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ sì tún fojú inú wo ọmọ mi bó ṣe dìde lórí àga, tó ní òun ń lọ wo ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ mi.

Ẹnìkan yóò sọ pé, "Ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, kí ló kàn wá?" Ó kàn wá púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé ní ọdún 2020, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gọ́rin (82,000) obìnrin ni ọ̀ràn oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà, ìyẹn ju ìdá mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní àgbáyé lọ. Kò sí ẹni tó ń ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n apá méje nípa tiwọn. Ìjókòó inú ìjọ la ti ń gbọ́ ọ, nígbà tí wọ́n bá kéde pé arábìnrin kan ti sùn nínú Olúwa, tí wọn ò sì sọ ohun tó pa á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Nígbà tí mo ń rọbí ọmọbìnrin yìí gan-an, ní ọdún 1988, mo wà ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Mo ké, bí gbogbo obìnrin ṣe ń ké. Nọ́ọ̀sì kan wá, ó fi ọwọ́ gbá mi ní itan, ó ní, "Nígbà tí ẹ ń gbádùn ara yín, ṣé èmi lẹ pè?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín nínú wọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin ìyá tó ń ka èyí, ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà. Bóyá wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀yin náà rí. Bóyá ẹ̀yin nọ́ọ̀sì kan tó ń kà á ti sọ ọ́ rí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo tún rí ohun mìíràn. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lọ, tí mo ti bímọ, mo ń lọ sí ilé ìyàgbẹ́ díẹ̀díẹ̀, mo ń di ògiri mú. Nọ́ọ̀sì yẹn jókòó lórí bẹ́ńṣì nínú ọ̀nà, ó ti bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Búrẹ́dì gbígbẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti bu ún jẹ lẹ́ẹ̀kan, oorun sì ti gbé e lọ pẹ̀lú búrẹ́dì náà lẹ́nu. Obìnrin mọ́kànlá ló wà nínú wọ́ọ̀dù wa lálẹ́ ọjọ́ náà. N kò rí nọ́ọ̀sì mìíràn. Mo dúró, mo ń wò ó. N kò dárí jì í níbẹ̀, kí n má purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n n kò lè kórìíra rẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ mọ́.

Bí nǹkan ṣe rí nígbà náà, ó ti le sí i báyìí. Bí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ṣe ń sunkún nílé ọmọ mi, wọ́ọ̀dù tó fi sílẹ̀ ní Nàìjíríà wà níbẹ̀, àwọn tó kù níbẹ̀ sì ń fi ọwọ́ méjì ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà. Ó sá fún irú òru yẹn nílé, ó tún lọ bá a níbòmíràn. Ó sọ fún mi pé ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ibọ̀wọ́ kì í tán, iná kì í sì í lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni àárẹ̀ kì í ṣe àwáwí. Mo fẹ́ sọ èyí kó yé wa. Pé ó rẹ nọ́ọ̀sì kò sọ ìgbátí rẹ̀ di ìtọ́jú. Pé ó rẹ Adam kò sọ ọ̀rọ̀ tó sọ fún aláboyún yẹn di òótọ́. Àmọ́, pé ìyá kan ní ẹ̀dùn kò sọ gbogbo oníṣègùn di ìkà. Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ àwọn òǹwòran eré yìí ni pé ìhà kan ń fi omijé tirẹ̀ pa èkejì lẹ́nu mọ́. Dókítà ní, "Ẹ wo bó ṣe ń rẹ̀ wá," bí ẹni pé ìyẹn ti dáhùn ìbéèrè ìyá náà. Ìyá ní, "Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún wa," bí ẹni pé Shruti kò kú.

Inú ìjọ wa ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe sí wọn. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, arábìnrin tó bímọ wẹ́rẹ́ ni a ń pè síwájú. Ó ní òun bí bí àwọn obìnrin Hébérù, a pariwo Halelúyà. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ tirẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó ń wolẹ̀, bí ẹni pé ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ló kùnà. Ẹni tí ọmọ tirẹ̀ kò ké kò tilẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ obìnrin Hébérù tí a sọ di àdúrà yìí, ǹjẹ́ ẹ ti wo ibi tó ti wá? Nínú Ẹ́kísódù orí kìn-ín-ní, àwọn agbẹ̀bí ló sọ ọ́, Ṣífírà àti Púà, nígbà tí Fáráò ń bi wọ́n ìdí tí wọn kò fi pa àwọn ọmọkùnrin. Ìdáhùn àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ ọba búburú ni, wọ́n fi ń dá ẹ̀mí àwọn ọmọ sí. Àwa wá mú un, a sọ ọ́ di òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìgbàgbọ́ abiyamọ. Àwọn agbẹ̀bí tó sọ ọ́ ńkọ́? Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí nọ́ọ̀sì tó ti iṣẹ́ òru dé bá tòògbé nígbà ìwàásù, àwọn olùtọ́jú ìjókòó yóò lọ fọwọ́ kàn án pé kó jí.

Èmi máa ń ronú sí Élì, àlùfáà Ṣílò, bí mo bá rántí Adam. Ẹ mọ ìtàn náà. Hánà ń gbàdúrà, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Élì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, lórí àga rẹ̀. Ó ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mutí yó nígbà àjọ̀dún, ó fi ojú iṣẹ́ wo obìnrin yìí, ó ní ó ti mutí. Ẹ̀dùn ọkàn ló pè ní ọtí. Àṣìṣe dókítà inú eré yìí gẹ́lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hánà fèsì pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀dùn ló ń bẹ lọ́kàn òun, Élì kò bá a jiyàn. Kò sọ fún un bí iṣẹ́ tẹ́ńpìlì ṣe le tó. Kò sọ pé ojú òun ti ń ṣú, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú rẹ̀ padà ṣú lóòótọ́. Ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, ó sì súre fún un. Bíbélì sọ pé obìnrin náà lọ jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fà ro mọ́. Ẹ kíyè sí i pé kò tíì lóyún nígbà náà o. Ẹnìkan gbọ́ ọ ni.

Àwọn ìyá tó bínú sí eré yìí, n kò rò pé pé kí wọ́n gbé e kúrò lórí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń béèrè. Ohun tí Hánà rí gbà ni wọ́n ń wá. Àwọn dókítà tó sunkún nídìí rẹ̀ náà, òun ni wọ́n ń wá. Ní ọdún 2023, Ben Whishaw gba àmì ẹ̀yẹ BAFTA lórí eré náà, Adam Kay náà gba ti ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n yẹ fún un. Mo wo gbogbo apá méjèèje, èmi àti Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo sì lè sọ pé ó ṣe mí láǹfààní. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí tó ti sin ọmọ rí, ẹ má fi tipátipá mú un jókòó síwájú rẹ̀ nítorí pé àwọn ènìyàn ń yìn ín.

Ó ku ibi tí ọ̀rọ̀ yìí parí sí nílé ọmọ mi. Nígbà tí ìwádìí Ockenden jáde, ọmọ mi kà á lórí fóònù rẹ̀ nígbà tó ń fún ọmọ lọ́mú. Mo rí i bó ṣe ń kà á, kò sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá lẹ́yìn ìsìn, ó gbé mọ́ínmọ́ín wá. A jẹun tán. Ó kó àwo lọ, ó fọ̀ wọ́n, ó padà wá, ó sì jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú ọmọ mi, kì í ṣe lórí àga.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ọjọ́ tí ẹ bí ọmọ yìí, n ò bi yín léèrè rí. Mo kàn wo fáìlì yín, mo rí i pé gbogbo rẹ̀ ti lọ dáadáa. Kí ló ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà?"

Ọmọ mi wò mí. Ohun tó sọ fún èmi lórí fóònù nígbà náà ni pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì parí sí ire. Ó tún wo Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Mo sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé orí ń fọ́ mi, ojú mi sì ń ṣú."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ó rẹ̀ mí ni."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì bo ojú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn rí. Ẹ máa bá a lọ, Àǹtí mi, mo ń gbọ́."

Ọmọ jí nígbà náà, ó ń ké. Mo gbé e, mo wọ yàrá kejì lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná.